Orúkọ Mojísọlá Lórí Òkè Àwọn Tó Ń Retí

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ China. Àwa mẹ́ta la wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àlejò wò: èmi, Túnjí àbúrò ìyàwó mi, àti obìnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba, tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì bínú. Ó wo fọ́tò mi, ó wo ojú mi, ó tún wo fọ́tò. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ibì kan nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù tí mo kọ. N kò tíì fọwọ́ sí i, ohun tó ń wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlà tó wà lókè ibẹ̀ ni ojú Túnjí lọ. Wọ́n béèrè níbẹ̀ bóyá mo ní aya. Mo kọ ọ́ pé mo ní.

Túnjí ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Ó na bíírò sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín. Mojísọlá, ìyàwó mi, ti kú. Ó ti pé ọdún méjì nígbà tí a rin ìrìn yìí. Mo lè kọ ọ́ báyìí. Nígbà yẹn n kò lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ẹni tó bá bi mí léèrè rẹ̀, mo máa ń dá a lóhùn pé ó wà nílé. Àwọn ará Ṣómólú tó mọ̀ wá ti jáwọ́ nínú bíbi mí. Àwọn tí kò mọ̀ wá ní kí n kí i.

Bébà ni Túnjí ń tà, ó sì ti dé China lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ti darúgbó, ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ wo àlòkù kan tó dára. A rí ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

*

Nínú ọkọ̀ ojú irin

Láti Guangzhou lọ sí Chengdu, a sùn nínú ọkọ̀ ojú irin, a jí, a tún sùn. Ibùsùn mẹ́fà ló wà nínú yàrá kan, mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí èèyàn bá to pákó síra. Gbogbo èèyàn ló ní fúláàsì tiwọn. Omi gbígbóná ni wọ́n ń mu, láìfi nǹkan kan sí i, bí ẹni tí inú ń run.

Bàbá kan tó wà lórí ibùsùn ìsàlẹ̀ wò mí títí. Nígbà tó yá, ó dìde, ó fi àtàǹpàkò ra apá mi, ó sì wo àtàǹpàkò náà bóyá àwọ̀ mi yọ́ sí i. Kò yọ́. Ó na apá tirẹ̀ sí mi kí èmi náà ra á. Mo ra á. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. N kò bínú. Àwa náà ṣe òyìnbó bẹ́ẹ̀ rí ní Bàrígà.

Ìbéèrè wọn kò lópin. Ọmọ ọdún mélòó ni mí? Kí ni iṣẹ́ mi? Ọmọ mélòó? Túnjí gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn, òun ló ń dá wọn lóhùn. Mo ní ọmọ kan, Bísí, ó wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìyá kan tó ń fi eyín la kóró òdòdó jẹ tún béèrè nǹkan kan. Túnjí wojú mi.

“Kí ló wí?”

“Ó ní ìyàwó yín ńkọ́?”

“Sọ fún un pé ó wà nílé.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ fúnra yín.”

N kò gbọ́ èdè wọn. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè orí, mo fi wọ́n ṣe òrùlé ilé. Ó yé ìyá náà. Ó mi orí, ó mú ẹyin sísè méjì nínú àpò rẹ̀, ó bó ọ̀kan fún mi. Èkejì, kò bó o. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè orí, ó ṣe òrùlé ilé. Ti ìyàwó mi ni.

Túnjí yíjú sí fèrèsé. Mo fi ẹyin náà sínú àpò ẹ̀wù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Túnjí lọ fọ ojú, mo jẹ ẹ́.

Ilẹ̀ tí a ń gbà kọjá kò jọ tiwa, síbẹ̀ ó ń fà mí lọ́kàn. Oko ìrẹsì nínú omi, ìkùukùu lórí omi, ẹnì kan ṣoṣo tó dúró nínú rẹ̀ tó kàn ń wo ọkọ̀ wa. Tí Mojísọlá bá wà níbẹ̀, á ti sọ ohun tí ẹni náà ń rò. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Èmi kàn máa ń gbọ́ ni.

*

Oúnjẹ tó ń mú ètè kú

Ní Chengdu, ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ náà, Ọ̀gbẹ́ni Chen, kọ́kọ́ fún wa lóúnjẹ ná. Ata wà nínú ẹ̀, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà nínú ẹ̀, hóró kékeré kan tí kì í ta èèyàn, tó kàn ń mú ètè àti ahọ́n kú bí ìgbà tí dókítà eléyín bá gún wa lábẹ́rẹ́. Mo rò pé wọ́n ti fún mi ní májèlé. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ahọ́n mi padà jí, mo bu sí i.

Arábìnrin Liu, tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ilé Ọ̀gbẹ́ni Chen, ló ń túmọ̀ fún wa. Ó ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kó tó fẹ̀yìn tì. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ lọ́ra, ó mọ́, ó sì rọ èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́rùn. Òun ló sọ fún mi pé atẹ̀wé ni bàbá Ọ̀gbẹ́ni Chen náà, pé lórí òkè, nínú tẹ́ńpìlì kan, ó ṣì ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára pákó, á fi yíǹkì ra á, á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Mo ní mo fẹ́ rí i. Túnjí ní òun á dúró ti ẹ̀rọ, òun á bá wa lókè lọ́jọ́ kejì.

*

Lórí òkè

Àtẹ̀gùn òkúta ni èmi àti Arábìnrin Liu gùn, títí orúnkún mi fi ń bẹ̀ mí. Ewédò bo òkúta, omi ń kán láti ara igi. Àwọn ọkùnrin tẹ́ńpìlì di irun wọn jọ sí àárín orí, wọ́n fi fìlà dúdú dé e. Wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ kí mi, wọn kò sì béèrè nǹkan kan. Lẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin, ìyẹn tù mí lára. Wọn kì í jẹ ẹran. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wà soyà tí wọ́n sọ di bíi wàrà dídì, àti ọ̀mùnú ọparun. Mo jẹ ẹ́. Gaàrí ni ọkàn mi ń fẹ́.

Bàbá Chen ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí mo ṣe wọ yàrá rẹ̀, òórùn yíǹkì gbá mi nímú, mo sì dúró. Ó wo ọwọ́ mi. Ó fà á, ó yẹ abẹ́ èékánná mi wò, níbi tí dúdú kì í ti í kúrò láé, ó sì fi abẹ́ èékánná tirẹ̀ hàn mí. Bí a ṣe mọra nìyẹn.

A jókòó síta. Mo bi í léèrè ohun tó ń gbẹ́. Ó wo Arábìnrin Liu, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní Àgbà kan wà láyé àtijọ́ tí àwọn mọ̀ sí ẹni tó ga jù, tó sì lọ. Ó máa padà wá nínú ara mìíràn. Nígbà tó bá padà, Li Hong ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé á ti kọ́kọ́ bàjẹ́: ogun, àìsàn, omi tó kún bo ilẹ̀. Nígbà náà ni yóò dé, yóò sì ṣa àwọn èèyàn kan jọ. Irúgbìn ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ni yóò fi tún ayé gbìn. Wọn á fúnrúgbìn lẹ́ẹ̀kan, wọn á kórè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Kò sẹ́ni tó máa gbé idà mọ́. Èèyàn á lo ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún láyé.

Arábìnrin Liu fi ti ara rẹ̀ kún un pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà lórí òkè yẹn ló di ọ̀rọ̀ náà mú. Ìlera àti ìdákẹ́jẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ó sì ti dá wàhálà sílẹ̀ rí.

“Wàhálà wo?”

“Àwọn èèyàn ń dìde,” Bàbá Chen ní. “Ọ̀kan á ní òun ni Li Hong, á kó ọmọ ogun jọ. Ọba á pa á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Li Hong mìíràn á tún dé.”

Mo sọ fún un pé nígbà tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá nílùú wa, mo tẹ pósítà fún olóṣèlú márùn-ún ní Ṣómólú, ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ní kí n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò òun pé olùgbàlà ti dé.

“Èwo ni nínú wọn?” ó bi mí.

“A ṣì ń wò wọ́n, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

“Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé ẹ gbà á gbọ́?” mo bi í.

“Bàbá bàbá mi dúró dè é. Bàbá mi dúró dè é. Èmi náà ń gbẹ́ pákó, mo ń dúró.”

“Tí kò bá dé ńkọ́?”

“Pákó á ti wà nílẹ̀.”

Mojísọlá ni mo ń rò. Òun náà dúró. Gbogbo ọdún àwọn ológun ló fi etí sí rédíò láràárọ̀, tó ń sọ pé, “Wọn á lọ. Bàbá Bísí, wọn á lọ.” Ó ti ra bàtà tó máa wọ̀ lọ dìbò. Bàtà náà kò tíì kúrò nínú páálí rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló kù kí wọ́n lọ nígbà tó kú.

Bàbá Chen sọ fún mi pé lọ́dọọdún òun máa ń tẹ orúkọ. Wọn á ka àwọn orúkọ náà, wọn á sì sun bébà náà kó lè gòkè. Ọ̀tunla ni ọjọ́ rẹ̀. Bébà pupa wà fún àwọn alààyè tó fẹ́ kí a kà wọ́n mọ́ irúgbìn. Bébà yẹ́lò wà fún àwọn òkú. Ó ní nítorí pé atẹ̀wé ni mí, òun lè fi orúkọ kan sí i fún mi.

“Orúkọ ta ni?” Arábìnrin Liu béèrè.

“Ìyàwó mi.”

“Ṣé ó wà láyé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ọmọ ìjọ ni mí, mo sì mọ̀ pé àlùfáà wa á ní nǹkan sọ nípa èyí. Kì í ṣe nítorí Li Hong ni mo fi ṣe é. Mo kàn rò ó pé tí wọ́n bá ń ṣa àwọn alààyè jọ níbì kankan láyé, kí wọ́n má fò ó.

Bàbá Chen fún mi ní bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Mo kọ orúkọ náà sí i, mo dá a padà fún un, mo sì jáde lọ wo àgbàlá.

*

Bébà pupa

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Túnjí dé. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn, ó ń rojọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn wọ̀nyí ò mọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni? Orí òkè nìkan ni Ọlọ́run wọn ń gbé?”

A wọ yàrá lọ bá Bàbá Chen. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó bébà kúrò lára pákó ni, yíǹkì kò tíì gbẹ. Ó fi hàn wá bí ẹni tó fẹ́ kí a yìn ín. Ìlà orúkọ tiwọn gùn láti òkè wá sísàlẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́tà tiwa wà níbẹ̀. Mo wò ó, ojú tì mí.

Gbogbo rẹ̀ wà lódì.

Ẹ̀yin atẹ̀wé ti mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ iṣẹ́, lẹ́tà òjé la ń tò, òdì ni lẹ́tà òjé sì máa ń wà kó tó lè tọ́ lórí bébà. Òdì ni mo kọ́kọ́ mọ lẹ́tà, ọdún púpọ̀ kí Mojísọlá tó kọ́ mi bí a ṣe ń kà á síwájú ní ilé-ìwé alẹ́ ní Bàrígà, níbi tó ti jẹ́ olùkọ́ mi. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa gbẹ́ sára pákó, mo kọ ọ́ lódì. N kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. N kò mọ̀ pé wọ́n máa ń da ojú bébà dé pákó, wọ́n á sì gbẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn. Ọ̀nà tiwọn ti yí i fúnra rẹ̀. Èmi wá tún un yí. Bàbá Chen kò sì mọ lẹ́tà tiwa. Ohun tó rí ló gbẹ́.

Túnjí gba bébà náà. Ó wò ó, kò yé e. Ó gbé e sókè sí fèrèsé, ó yí ẹ̀yìn bébà náà sí ara rẹ̀, ó sì kà á nínú ìmọ́lẹ̀.

“Mojísọlá.”

Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

“Ìyá,” ó sọ fún Arábìnrin Liu, “kí ni bébà pupa yìí wà fún?”

“Fún àwọn alààyè.”

Túnjí kọjú sí mi. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

“Ẹ̀gbọ́n. Ẹ parọ́ fún àwọn tó wà nídìí tábìlì, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ parọ́ nínú ọkọ̀, mo wojú ìta. Ọmọ ìyá mi ni o. Èmi náà fẹ́ sunkún rẹ̀. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, mi ò lè sọ pé ó kú, nítorí pé ẹ̀yin ní ó wà nílé. Ibo ni kí n ti sunkún rẹ̀?”

N kò mọ̀ pé mo ti gba ẹkún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún méjì, n kò mọ̀.

Mo kọjú sí Arábìnrin Liu. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé mo parọ́, pé ìyàwó mi ti kú. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kò wúwo. Ó dà bí ohun tí mo kà nínú ìwé ìròyìn.

“Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá,” Túnjí ní.

Mo la ẹnu. Kò jáde.

Arábìnrin Liu ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Chen kò bínú. Ó mú ọ̀bẹ, ó fá orúkọ náà kúrò lára pákó, èérún igi ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa pákó mìíràn jáde, ó sì fi ìlà kan hàn mí lórí rẹ̀.

“Ìyàwó mi nìyí,” ó ní. “Yẹ́lò ló wà. Èmi wà lórí pupa. Iná kan náà ni wọ́n máa fi sun méjèèjì.”

Ó na bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí mi. Mo kọ ọ́ síwájú, bí Mojísọlá ṣe kọ́ mi. Ó pẹ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo ṣe tán, Túnjí gbà á, ó fi àmì sábẹ́ lẹ́tà tí mo gbàgbé láti fi í sí, ó sì gbé e fún Bàbá Chen.

“Orúkọ tiyín ńkọ́, fún pupa?” Bàbá náà béèrè.

Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo ti ní ìjọ tèmi.

*

Iná

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìn, wọ́n lu agogo, wọ́n fi ohùn kan tó ń lọ sókè sódò ka àwọn orúkọ. Wọ́n dé ibi tiwa. Ẹni tó ń kà á dúró, ó wo lẹ́tà náà, ó wo Arábìnrin Liu. Ìyẹn sọ ọ́ sí i létí. Ó ka “Mo-ji-so-la” bí orin, gbogbo ohùn rẹ̀ ló ṣì. Túnjí rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó sunkún rẹ̀ dáadáa. Àwọn àjèjì yí i ká, ẹnì kan fún un ní omi gbígbóná, ó sì mu ún.

Wọ́n fi pupa àti yẹ́lò sínú ìkòkò irin kan náà. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tó jóná tán, n kò mọ èyí tó jẹ́ pupa nínú eérú náà. Bàbá Chen ti padà sínú yàrá. Mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ rẹ̀ lára pákó.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, Túnjí sọ ìtàn ìgbà tí Mojísọlá lù ú nítorí pé ó fi ìwé ilé-ìwé rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ojú omi sí ọ̀sà ní Bàrígà. N kò gbọ́ ìtàn náà rí. A ti jọ ń rìn láti ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí ààyè fún un láti sọ ọ́.

*

Ilé

A dé Èkó ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ooru bò mí bí aṣọ tí mo mọ̀. Gbogbo àdúgbò ń bi mí nípa China. Mo sọ fún wọn nípa hóró tó ń mú ètè kú.

Nígbà tí Mojísọlá kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló lọ túfọ̀ rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀. Ọkọ ló yẹ kó ṣíwájú wọn. N kò lọ. Mo ní ara mi kò yá. Láti ìgbà náà, n kò dé ilé ìyá rẹ̀ ní Pedro mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo rìn lọ. Ìyá jókòó sí ẹnu ọ̀nà lórí àga gbọọrọ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde.

“Bàbá Bísí, ẹ káàbọ̀. Ẹ dìde, ilẹ̀ dọ̀tí.”

“Mà, Mojísọlá kú.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

“Ọdún méjì ni mo ti ń wo ọ̀nà yín,” ó ní.

Ó gbé àwo náà sí ilẹ̀, ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga, mo sì jókòó tì í.